Bí Òṣìṣẹ́ Bá Ti Ní Òun Gbà, Ṣé Ó Tán?

  

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, lọ́kùnrin lóbìnrin! Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò yìí kan ọ̀pọ̀ nínú yín. Láti Òsì títí dé Ìlọ́fà, àwọn ọmọ wa tó jáde ilé-kéú àti yunifásítì ń wá iṣẹ́ lórí fóònù àti kọ̀ǹpútà, nítorí pé iṣẹ́ ìjọba kò kárí. Iṣẹ́ náà wà lóòótọ́. Ìbéèrè tó wà níbẹ̀ ni pé: owó wo ni owó ẹ̀tọ́?

Ọjà ni ibi tí wọ́n ti ń wá iṣẹ́ wọ̀nyí, bí kò tilẹ̀ ní ìsọ̀. Ẹni tó ní iṣẹ́ yóò gbé e síta: títúmọ̀ èdè Lárúbáwá, títẹ ìwé, kíkọ́ ọmọdé ní kéú. Ẹni tó lè ṣe é yóò sọ iye tí òun fẹ́ gbà. oDesk bẹ̀rẹ̀ ní 2003. Òun àti Elance para pọ̀, wọ́n sì yí orúkọ rẹ̀ sí Upwork ní 2015. Fiverr bẹ̀rẹ̀ ní Israel ní 2010, iye tí wọ́n ń ta iṣẹ́ níbẹ̀ nígbà náà, $5, ni orúkọ rẹ̀ ti wá. Nínú $5 bẹ́ẹ̀, ọlọ́jà yóò mú $1, òṣìṣẹ́ yóò mú $4, kí ó tó san owó tí wọ́n ń yọ nígbà tó bá ń gbà á wá sílé.

Ká ní ẹnì kan ní London gbé ojú-ìwé mẹ́wàá síta pé kí wọ́n tú u láti Lárúbáwá sí Gẹ̀ẹ́sì. Ogójì ènìyàn dìde láti Íjíbítì, Pakistan, Kenya àti Nàìjíríà. Ẹnì kan ní òun yóò gba $80, òmíràn ní $40. Ọmọ Ìlọ́fà kan tí kò rí iṣẹ́ fún oṣù mẹ́ta ní òun yóò gba $10. Ó fi ọjọ́ méjì ṣe é, ó dára, wọ́n sì san owó rẹ̀ pé. Bí a bá bi ọ̀gá náà léèrè, yóò ní: "Mi ò fipá mú un. Òun fúnra rẹ̀ ló dárúkọ iye." Ṣé ó jàre?

Ẹ má ṣe jẹ́ kí á yára dá a lẹ́bi. Al-Kùránì, nínú Súrà Nísáì, ẹsẹ 29, fi ìyọ́nú ẹni méjèèjì ṣe ìpìlẹ̀ òwò. Nígbà tí ọjà wọ́n ní Mẹ̀dínà, tí àwọn ènìyàn ní kí Ànọ́bì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) fi iye lé e, ó kọ̀, kí ó má baà fi àbòsí kan ẹnikẹ́ni. Yàtọ̀ sí èyí, owó tó kéré ní London lè tóbi ní Òsì. Ní 2024, nígbà tí ìjọba sọ owó oṣù tó kéré jù di ₦70,000, dọ́là kan ti kọjá ₦1,500. Ẹni tó bá rí $50 lóṣù náà ti gbà ju owó oṣù yẹn lọ. Bí a bá ní kí ọ̀gá òkè òkun san iye tí wọ́n ń san nílùú tirẹ̀, ó lè mú iṣẹ́ rẹ̀ padà sílé, ọmọ wa yóò sì pàdánù èyí tó ń rí. Ọ̀rọ̀ yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Àwọn bàbá wa mọ ìwọ̀fà. Ẹni tó yá owó yóò máa ṣiṣẹ́ nínú oko olówó, iṣẹ́ náà kò sì dín gbèsè kù, èlé lásán ni. Ìwọ̀fà náà gbà kí ó tó lọ. Kò sí ẹni tó ń pe ìgbà bẹ́ẹ̀ ní ìyọ́nú. Ní ayé tiwa yìí, ní oṣù kìíní 2023, ìwé ìròyìn TIME gbé e jáde pé àwọn òṣìṣẹ́ kan ní Kenya, tí ilé-iṣẹ́ Sama gbà, ń ka àwọn ọ̀rọ̀ ìríra fún OpenAI kí ẹ̀rọ rẹ̀ lè mọ ohun tí kò yẹ kí ó máa sọ. Àdéhùn ilé-iṣẹ́ méjèèjì jẹ́ $12.50 fún wákàtí kan. Ohun tó dé ọwọ́ òṣìṣẹ́ wà láàárín $1.32 sí $2. Àwọn náà gbà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á wo Ànọ́bì Músà nínú Súrà Kọ́sọ́sì, ẹsẹ 22 sí 28. Ó sá dé Madiyana, kò ní ilé, kò ní owó, ó sì ń bẹ Ọlọ́hun fún oore èyíkéyìí. Ó fún ẹran àwọn ọmọbìnrin méjì lómi láìbéèrè kọ́bọ̀. Bàbá wọn ránṣẹ́ pè é kí ó lè san owó iṣẹ́ tí kò tilẹ̀ bá a dunàádúrà. Nígbà tó fẹ́ gbà á síṣẹ́, ó sọ iye ọdún fún un, mẹ́jọ, mẹ́wàá bí ó bá wu Músà fúnra rẹ̀, ó sì ní òun kò fẹ́ ni í lára. Ó rí àìní àlejò náà kedere, kò sì fi ṣe èrè. Bí bàbá yìí bá ní kí Músà dárúkọ owó, oúnjẹ òòjọ́ nìkan ni ì bá dárúkọ.

Ohun tí èyí kọ́ wa ni pé gbígbà tí òṣìṣẹ́ gbà ń so àdéhùn, ṣùgbọ́n kò fọ ọwọ́ ọ̀gá mọ́. Ọmọ Ìlọ́fà yẹn kò dẹ́ṣẹ̀, hàláálì ni $10 rẹ̀. Ọ̀gá tó mọ̀ pé iṣẹ́ náà tó $40, tó sì mú $10 nítorí pé ebi ló ń sọ̀rọ̀, ni yóò jẹ́jọ́. Ibn Taymiyyah, tó kú ní 1328, nínú ìwé rẹ̀ lórí Hisbah, fi owó irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe òṣùwọ̀n: kí oníṣẹ́ má béèrè kọjá rẹ̀ nígbà tí àwọn ènìyàn nílò rẹ̀, kí àwọn ènìyàn náà má sì san ohun tó dín sí i. Èyí ni ìwọ̀n tí Súrà Mutọfífínà ń kìlọ̀ fún wa lé lórí: ẹni tó ń gbà á kún, tó ń wọ̀n ọ́n fúnni ní àbọ̀.

Ẹ̀yin ará mi, òyìnbó nìkan kọ́ ni ìkìlọ̀ yìí bá wí. Láàárín wa, ẹni tó ní àkáǹtì tó lórúkọ yóò gba iṣẹ́ $100, yóò gbé e fún àbúrò ọmọ kéú, yóò fún un ní ₦10,000, yóò ní "mò ń ràn án lọ́wọ́ ni." Àwọn kan ń gba owó pọ́n-ùn lọ́wọ́ òbí ní Ìlú Ọba fún ẹ̀kọ́ kéú orí íntánẹ́ẹ̀tì, ohun tó ń dé ọwọ́ àáfà tó ń jí lóru nítorí rẹ̀ kò tó nǹkan. Bí àáfà bá sọ̀rọ̀, wọ́n á ní nítorí Ọlọ́hun ni. Bẹ́ẹ̀ hádíìsì tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ fi hàn pé owó lórí Kùránì tọ́ síni. Nítorí Ọlọ́hun gan-an ló yẹ kí á san án, kí òógùn rẹ̀ tó gbẹ.

Òṣìṣẹ́ náà ní ẹ̀tọ́ tó gbọ́dọ̀ ṣe. Alágbára àti olódodo ni wọ́n pe Músà kí wọ́n tó gbà á. Ẹni tó yá àkáǹtì ẹlòmíràn, tó ní London ni òun ń gbé, tó ra ìyìn èké, tàbí tó jẹ́ kí ẹ̀rọ tú ìwé tó sì ní ọwọ́ òun ni, ti fi irọ́ jẹun. Ìlú Òsì mọ bí orúkọ rere ṣe ń tajà. Àrẹògún, agbẹ́gilére ará Òsì tó kú ní 1954, kò polówó lórí ẹ̀rọ kankan, síbẹ̀ ilẹ̀kùn tó gbẹ́ dé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé òkè òkun. A kò bá àwọn kan nínú ère rẹ̀ ṣe ẹ̀sìn, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ inú iṣẹ́ rẹ̀ kò sọnù: ọwọ́ tó dáńtọ́ ló ń mú oníṣẹ́ dárúkọ owó tirẹ̀.

Kí ni ṣíṣe? Kí o tó dá owó lé iṣẹ́, ka wákàtí rẹ, dátà, epo jẹnẹrétọ̀ àti ìdá tí ọlọ́jà yóò mú. Ka ohun tí àwọn tó ti bá ọ̀gá náà ṣiṣẹ́ sọ. Má bẹ̀rẹ̀ títí owó yóò fi wà lọ́wọ́ ọlọ́jà. Ẹni tó bá ní kí o sanwó kí òun tó fún ọ níṣẹ́, sá fún un. Lékè gbogbo rẹ̀, àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Àwọn télọ̀ àti káfíńtà wa máa ń jókòó sọ iye tí iṣẹ́ wọn kò gbọdọ̀ dín sí. Kí ló dé tí àwọn ọ̀dọ́ tó ń túmọ̀ èdè kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ẹgbẹ́ yìí, kí ẹnì kan má baà fi $10 ba ọjà jẹ́ fún ogójì ènìyàn? Kí ẹgbẹ́ sì mú owó díẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tí iṣẹ́ kò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kí ebi má baà jẹ́ ẹni tí yóò bá a dárúkọ owó.

Kí Ọlọ́hun fi hàláálì tó wa, kí Ó má fi wá sí ara àwọn tó ń rẹ́ni jẹ, kí Ó má sì fi wá sọ́wọ́ wọn. Àmín.