Èwo Ni Ká Kọ́kọ́ Kà: Wúrà Tàbí Ọmọ?



Ẹni tí ó bá ti Marietta wọ Atlanta lọ yóò rí òrùlé wúrà tí ń dán lórí ilé ìjọba ìpínlẹ̀ Georgia. Dahlonega, ní àríwá wa, ni wúrà náà ti wá; àwọn ará ibẹ̀ fi í tọrẹ ní ọdún 1958. A máa ń fi han àlejò wa pẹ̀lú ayọ̀.

Ṣùgbọ́n ǹjẹ́ a ti béèrè ohun tí wúrà Dahlonega gbà lọ́wọ́ àwọn tí ó ni ilẹ̀? Ilẹ̀ àwọn Cherokee ni, nígbà tí àwọn awakùsà rọ́ dé ní nǹkan bí ọdún 1829. Ní 1832, ìjọba Georgia fi tẹ́tẹ́ pín ilẹ̀ wọn. Cobb tí à ń gbé yìí wà nínú rẹ̀. Ní 1838, àwọn ọmọ ogun lé wọn jáde, ẹgbẹẹgbẹ̀rún sì kú. Ọdún náà gan-an ni ìjọba Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí rọ owó wúrà ní Dahlonega. Títí di 1861, èyí tí wọ́n rọ ju mílíọ̀nù 6 dọ́là lọ. Wọ́n kọ iye owó náà sínú ìwé ìṣirò. Wọn kò kọ àwọn òkú sí i.

Kí a má rò pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni. Ní 2010, ní ìpínlẹ̀ Zamfara ní Nàìjíríà, àwọn tálákà ń lọ òkúta wúrà nínú agboolé, àní pẹ̀lú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ọkà. Òjé wà nínú òkúta náà, eruku rẹ̀ sì bà lé oúnjẹ àti ọwọ́ àwọn ọmọdé. Àwọn ọmọ tí ó kú ju 400 lọ. Àwa tí a ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì mọ̀ pé òjé a máa ba ọpọlọ ọmọ jẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó yè kò ní padà sí bí wọ́n ti wà.

A kò sọ pé kí wọ́n má wa kùsà. Ebi ni ó gbé àwọn òbí wọ̀nyẹn débẹ̀. Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà pàápàá, ilé iṣẹ́ ńlá ti ń wa wúrà láti 2021, àwọn ọ̀dọ́ sì ń fẹ́ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn baba wa ń sọ ọmọ ní Ọmọ́yájowó. Wọn kò kẹ́gàn owó; wọ́n kàn mọ èyí tí ó yẹ kí ó ṣíwájú.

Nítorí náà, bí a bá gbọ́ pé wúrà mú owó gọbọi wọlé nílé, kí a tó yọ̀, ẹ jẹ́ kí a bi àwọn ènìyàn wa lórí tẹlifóònù pé: Omi yín ńkọ́? Ara àwọn ọmọ ńkọ́?