Ta Ni Kò Mọ̀ Pé Òun Ni?

Bíbélì kíkà: Ìṣe àwọn Àpósítélì 28:1-6

Jẹ́ kí n bi ọ́ ní ìbéèrè kan kí o tó jáde nílé lónìí. Ká ní wọ́n bá òkú ènìyàn ní àdúgbò rẹ láàárọ̀ yìí, tí ọgbẹ́ ọ̀bẹ wà lára rẹ̀, tí kò sì sí ẹni tó rí ẹni tó ṣe é. Ọ̀dọ́kùnrin kan wà ní àdúgbò náà tó ti ṣẹ̀wọ̀n rí nítorí olè jíjà. Orúkọ ta ni yóò kọ́kọ́ wá sí ọ lẹ́nu? Má ṣe dáhùn bí ẹni tó wà nínú ìsìn. Dáhùn bí ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ omi, níbi tí àwọn aládùúgbò ti ń sọ̀rọ̀.

Àwọn àgbà ti dáhùn kí wọ́n tó bí wa. Wọ́n ní àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Wọ́n tún ní ẹni tó bá jalè lẹ́ẹ̀kan, bó dàrán borí, aṣọ olè ló dà bora. Òwe méjèèjì dùn ún gbọ́. Ṣùgbọ́n wo ti àkọ́kọ́ dáadáa. Ohun méjì péré ni a mọ̀ níbẹ̀: àjẹ́ ké, ọmọ sì kú. Kò sí ẹni tó rí ohun tó ṣẹlẹ̀ lóru. "Ta ni kò mọ̀" ni wọ́n fi dí àlàfo náà.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwọn ará Mẹ́lítà ṣe fún Pọ́ọ̀lù. Ọkọ̀ ti fọ́, òjò ń rọ̀, òtútù ń mú. Pọ́ọ̀lù ń ki igi bọ iná, paramọ́lẹ̀ kan jáde, ó so mọ́ ọn lọ́wọ́. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ wọ́n ní apànìyàn ni. Wọn kì í ṣe ìkà ènìyàn o. Àwọn kan náà ló dáná fún àwọn àlejò. Ohun tó máa ń yà mí lẹ́nu ni pé ẹ̀jẹ̀ wà lọ́rùn Pọ́ọ̀lù lóòótọ́. Ó wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n sọ Stéfánù lókùúta pa, ó sì fọwọ́ sí i. Ká ní ẹnìkan ròyìn èyí fún àwọn ará Mẹ́lítà ni, ariwo wọn ì bá ga sí i, wọn ì bá sì ṣì wà nínú àṣìṣe, nítorí ọ̀rọ̀ Stéfánù kọ́ ló gbé ejò wá. Nígbà tí wọ́n retí títí tí kò kú, wọ́n yí ohùn padà, wọ́n ní ọlọ́run ni. Ẹni tí kò wádìí, kò ṣòro fún un láti fò láti orí àṣìṣe kan sí òmíràn.

Ṣé kí a wá gbójú fo ohun tí ènìyàn ti ṣe rí ni? Rárá o. Láàárín 1912 sí 1914 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, obìnrin mẹ́ta tí George Joseph Smith gbé níyàwó ló kú sínú ọpọ́n ìwẹ̀, ní ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ó sì ń lépa owó lẹ́yìn ikú wọn. Nígbà tí wọ́n ń gbọ́ ẹjọ́ ọ̀kan nínú wọn ní 1915, adájọ́ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ nípa ikú àwọn méjì yòókù. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Smith ti ṣẹ̀wọ̀n rí nítorí ẹrù olè, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló mú un. Ọpọ́n mẹ́ta àti òkú mẹ́ta ló mú un.

Èyí tó dùn mí jù ni ti Timothy Evans. Òun, ìyàwó rẹ̀ Beryl, àti ọmọ wọn Geraldine ń gbé lókè ní ojúlé kẹwàá, Rillington Place, ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní ìparí 1949, ọlọ́pàá bá òkú ìyá àti ọmọ ní yàrá ìfọṣọ ẹ̀yìnkùlé. Evans ní John Christie tó ń gbé nísàlẹ̀ ló ṣe é. Ṣùgbọ́n Evans ti yí ọ̀rọ̀ padà léraléra, ó tiẹ̀ ti jẹ́wọ́ fún ọlọ́pàá; òpùrọ́ ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí. Christie ńkọ́? Ó ti ṣẹ̀wọ̀n olè rí, wọ́n sì tún fi í sẹ́wọ̀n ní 1929 torí pé ó fi igi kíríkẹ́ẹ̀tì lu obìnrin kan. Agbẹjọ́rò Evans ka gbogbo rẹ̀ sí i létí nílé ẹjọ́. Ó ti pẹ́, ni wọ́n wí. Ó ti ṣe ọlọ́pàá nígbà ogun, ó ti di èèyàn gidi. Òun gan-an ni ẹlẹ́rìí tí ìjọba gbára lé. Wọ́n yẹgi fún Evans ní ọjọ́ 9 oṣù kẹta 1950. Ọmọ ọdún 25 ni.

Ní oṣù kẹta 1953, ayálégbé kan ń tún ilé ìdáná ibẹ̀ ṣe, ó ya bébà ara ògiri, ó rí òkú. Òkú obìnrin mẹ́fà ni ọlọ́pàá kó jáde nínú ilé àti ọgbà náà. Ìyàwó Christie wà lára wọn. Ó jẹ́wọ́ pé òun ló pa Beryl pẹ̀lú. Ọdún 1966 ni Ọbabìnrin tó dárí ji Evans, ẹni tó ti wà ní ibojì fún ọdún mẹ́rìndínlógún.

O lè sọ pé, ṣé o rí i, ẹ̀wọ̀n tí Christie ti ṣe rí ni wọn ì bá tẹ̀ lé! Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí bí a ṣe lè tinú olè jíjà àti igi kíríkẹ́ẹ̀tì fa okùn sí ènìyàn lọ́rùn. Nígbà tí ọlọ́pàá wá ní 1949, òkú obìnrin méjì ti wà nínú ilẹ̀ ọgbà kékeré yẹn, egungun itan ọ̀kan nínú wọn ni Christie fi ti ọgbà ró. Wọ́n rìn kọjá lára rẹ̀. Ohun tí Christie ti ṣe rí tó láti mú wọn gbé ṣọ́bìrì. Egungun yẹn ni ì bá jẹ́rìí. Wọn kò gbé ṣọ́bìrì, torí wọ́n ti mọ ẹni tó jẹ́ òpùrọ́ àti ẹni tó jẹ́ èèyàn gidi.

Òfin ilẹ̀ wa mọ ewu yìí. Abala 82 nínú Òfin Ẹ̀rí ti 2011 kò gbà kí wọ́n máa ka ìwà burúkú olùjẹ́jọ́ sílẹ̀ ní ẹjọ́ ọ̀daràn, àyàfi ní ìwọ̀nba ọ̀nà díẹ̀, bíi kí òun fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ mú ìwà rere rẹ̀ ṣe ẹ̀rí. Àwọn kan ní òfin yìí ń dáàbò bo ọ̀daràn. Èmi kò gbà. Ṣùgbọ́n kò sí abala 82 nídìí ẹ̀rọ omi. Táyà àti bẹntiróòlù ló máa ń dájọ́ níbẹ̀ nígbà mìíràn.

Ọ̀dọ́kùnrin àdúgbò rẹ yẹn lè jẹ́ òun ló ṣe é. N kò sọ pé òun kọ́. Jẹ́ kí wọ́n bi í níbi tó sùn, kí wọ́n wo aṣọ rẹ̀, kí wọ́n wá ọ̀bẹ. Kí wọ́n bi àwọn yòókù náà, títí kan bàbá ojúlé kejì tí gbogbo wa ń dọ̀bálẹ̀ kí. Bí wọ́n bá sì bi ìwọ, sọ ohun tí ojú rẹ rí. Níbi tí ohun tí o rí bá parí sí, dákẹ́ níbẹ̀.

Àdúrà: Baba, ẹni tí wọ́n fẹ́ fi ohun tó ṣe lánàá pa lónìí fún ohun tí kò ṣe, gbé ẹni tó rí òótọ́ dìde fún un. Bó bá jẹ́ èmi ni mo rí i, fún mi ní ẹnu láti sọ ọ́, ní orúkọ Jésù. Àmín.