Ìwé Tí Jeremáyà Kọ Sí Àwọn Tí Ń Retí

Ẹ̀kọ́ kíkà: Jeremáyà 28 àti 29:1–14, Dáníẹ́lì 9:1–3

 

Ẹsẹ kan wà nínú Bíbélì tí kò sí ìyá kan nínú wa tí kò mọ̀ ọ́n, àní àwọn tí kò mọ̀wé kà. Jeremáyà orí 29, ẹsẹ 11 ni. Ibẹ̀ ni Olúwa ti fi dá àwọn ènìyàn rẹ̀ lójú pé ire ni òun ń rò sí wọn, kì í ṣe ibi, àti pé ìrètí ń bẹ fún wọn níwájú. A ń rí i lára kàlẹ́ńdà, a ń rí i lẹ́yìn ọkọ̀ akérò, àwọn ọ̀rẹ́ tí wọ́n fẹ́ràn wa sì ń fi í ránṣẹ́ sórí fóònù wa ní àràárọ̀. Ẹsẹ tí ó dára ni, a kò sì bá ẹnikẹ́ni jà nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí a wà lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ohun kan wà tí a máa ń bá àwọn ọmọ wí fún nínú àkàyé. Ọmọ yóò ka ìbéèrè, yóò wá ìlà kan tí ó ní irú ọ̀rọ̀ kan náà nínú, yóò sì dà á kọ sílẹ̀ láì ka èyí tí ó ṣáájú rẹ̀ tàbí èyí tí ó tẹ̀ lé e. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ó lè gbà á. Lọ́pọ̀ ìgbà ó máa ń kùnà. Bẹ́ẹ̀ ni púpọ̀ nínú wa ń ṣe sí ẹsẹ 11. Ẹsẹ 10, tí ó wà lókè rẹ̀ gan-an, sọ pé ó di ẹ̀yìn 70 ọdún.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 597 kí a tó bí Olúwa wa, Nebukadinésárì ọba Bábílónì kó Jekonáyà ọba Júdà lọ sí ìgbèkùn, pẹ̀lú ìyá ọba, àwọn ìjòyè, àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà àti àwọn alágbẹ̀dẹ. (Ẹ kíyè sí ìyá ọba, orí 29 ẹsẹ 2 kò fo òun náà dá.) Jerúsálẹ́mù kò tíì wó nígbà yẹn. Ó tó nǹkan bí ọdún 11 lẹ́yìn náà kí iná tó jó Tẹ́ḿpìlì. Nítorí náà ojú ọ̀nà ni gbogbo àwọn tí a kó lọ ń wò. Wọ́n gbà pé àwọn kò ní í pẹ́ padà, wọn kò sì fẹ́ tú ẹrù wọn.

Àwọn wòlíì sì wà tí wọ́n ń sọ ohun tí wọ́n fẹ́ gbọ́ fún wọn. Hananáyà ará Gíbéónì dìde nínú ilé Olúwa, lójú àwọn àlùfáà àti gbogbo ènìyàn, ó ní kí ọdún 2 tó pé, ọba àti ohun gbogbo tí a kó lọ yóò padà wálé. Ó bọ́ àjàgà igi kúrò lọ́rùn Jeremáyà, ó sì ṣẹ́ ẹ. Èsì Jeremáyà ni ó yà wá lẹ́nu. Kò bú u, kò bá a pariwo. Àmín ni ó kọ́kọ́ ṣe, pé kí Olúwa jẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀! Òun náà ìbá fẹ́ ẹ. Ta ni kò fẹ́ kí ìṣòro tètè tán? Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ti pé a fẹ́ ohun kan kọ́ ni ó sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ Ọlọ́run. Ní oṣù keje ọdún yẹn kan náà ni Hananáyà kú. Ọdún 2 tí ó dá kò ṣojú rẹ̀.

Irú Hananáyà kò tíì tán nílẹ̀. A kò ní kí ẹnikẹ́ni kẹ́gàn ìsọtẹ́lẹ̀. Pọ́ọ̀lù ti kọ ìyẹn fún àwọn ará Tẹsalóníkà, ṣùgbọ́n ó fi kún un lójú ẹsẹ̀ pé kí wọ́n dán ohun gbogbo wò. Dídánwò yẹn ni a kì í fẹ́ ṣe.

Ìyá kan wà tí a mọ̀ dáadáa, tí ó sì gbà kí a sọ ọ̀rọ̀ òun láì dárúkọ. Aṣọ ni ó ń tà. Ọmọ rẹ̀ wà ní òkè òkun. Ẹnìkan ríran sí i pé kí oṣù 3 tó pé, yóò ti wà lọ́dọ̀ ọmọ náà. Ìyá yìí ta ọjà rẹ̀ ní gbàǹjo, ó dá ṣọ́ọ̀bù padà fún onílé, ó sì fi nínú owó náà san ẹ̀jẹ́ tí wọ́n ní kí ó san. Wọn kò fún un ní físà. Òjò ọdún kan rọ̀ kọjá, ti èkejì náà rọ̀ kọjá. Ojú ń tì í láti padà sọ́jà, nítorí ó ti dágbére fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Kò wá sí ìpàdé mọ́. Kíláàsì tí ó ń darí bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Nígbà tí a lọ bẹ̀ ẹ́ wò, àpótí rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ní dídì bí ó ti dì í. Ẹsẹ 11 wà lára ògiri lókè àpótí náà. Ó wá bi wá léèrè pé kí ni òun ṣe fún Ọlọ́run tí ìlérí tí ó ń ṣẹ fún àwọn ẹlòmíràn kò fi ṣẹ fún òun.

Ẹ̀yin ìyá, irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ kì í ṣe èyí tí a ń fi “yóò dára” dáhùn. A ní kí ó gbé Bíbélì rẹ̀ wá, a sì bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ 1 orí 29.

Ìwé ni orí náà, lẹ́tà gidi, tí Jeremáyà fi rán Élásà àti Gemaráyà láti Jerúsálẹ́mù sí Bábílónì. Gbogbo àwọn tí ó gbà á ni wọ́n ń retí ọjọ́ tí wọn yóò kúrò. Kí ni Ọlọ́run sọ fún wọn? Pé kí wọ́n kọ́ ilé tí wọn yóò gbé. Pé kí wọ́n dá ọgbà, kí wọ́n sì jẹ èso rẹ̀. Kí wọ́n gbéyàwó, kí wọ́n fi ọmọbìnrin fọ́kọ, kí wọ́n máa bí sí i, kí wọ́n má ṣe dínkù. Ẹ wo ọ̀rọ̀ ọgbà yẹn. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ lè tó já láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ṣùgbọ́n ọgbà tí a ó jẹ èso rẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ oṣù 3. Ẹni tí ó gbin ọsàn sí àjò kì í ṣe ẹni tí ń lọ lọ́la.

Lẹ́yìn náà ni ó sọ èyí tí ó le jù, ní ẹsẹ 7: kí wọ́n máa wá àlàáfíà ìlú tí a kó wọn lọ, kí wọ́n sì máa gbàdúrà fún un. Fún Bábílónì! Ìlú tí ó kó wọn lẹ́rú. Ó sì sọ ìdí rẹ̀ láìfi bò: bí ìlú náà bá tòrò, àwọn náà yóò sinmi. A máa ń gbàdúrà kíkankíkan fún àwọn ọmọ wa tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà. Mélòó nínú wa ni ó ti gbàdúrà fún Lọ́ńdọ̀nù fúnra rẹ̀? Àwa tí a sì wà nílé, tí ẹnu wa kì í kúrò lára ìjọba, ǹjẹ́ a ń dárúkọ ìlú wa níwájú Ọlọ́run ju bí a ti ń dárúkọ rẹ̀ níbi tí a gbé ń ra epo lọ?

Gbogbo ènìyàn kọ́ ni ó fẹ́ràn ìwé yìí. Ṣemáyà, tí òun náà wà ní ìgbèkùn, kọ ìwé tirẹ̀ padà sí Jerúsálẹ́mù pé kí ló dé tí wọn kò bá Jeremáyà wí, ẹni tí ó ń sọ fún àwọn pé yóò pẹ́. Ẹ ó rí i ní ìparí orí náà.

Nísinsin yìí ni a wá dé ibi tí ó ń dun ìyá náà. Obìnrin tí ó ti pé 40 ọdún nígbà tí a kó o lọ, kí ni 70 ọdún fẹ́ ṣe fún un? Kò ní í padà rí Jerúsálẹ́mù. Ọlọ́run kò tan irú obìnrin bẹ́ẹ̀ jẹ. Ẹ kà á títí dé ẹsẹ 12 àti 13: wọn yóò ké pè é, yóò gbọ́, wọn yóò wá a, wọn yóò sì rí i. Kò ní kí wọ́n kọ́kọ́ padà dé Tẹ́ḿpìlì kí òun tó gbọ́. Ní Bábílónì ni yóò ti gbọ́ wọn, nínú ilé tí wọ́n kọ́ sí àjò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà tí wọ́n gbìn. Ẹni tí kò ní í fojú rí ìpadàbọ̀ yóò rí Ẹni tí ó ṣèlérí rẹ̀, ọmọ ọmọ rẹ̀ yóò sì rí ìpadàbọ̀. Nígbà tí a ka ibẹ̀ tán, ìyá náà dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Ó ní òun ti ń ka ẹsẹ 11 bí ẹni pé òun nìkan ni a kọ ọ́ sí, àti pé ọjọ́ tí òun bá wọ bàálù ni yóò ṣẹ. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e, ó tú àpótí náà. Ó gbin ewédú sí ẹ̀yìnkùlé, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í ta aṣọ díẹ̀díẹ̀ ní iwájú ilé. Títí tí a fi ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, físà kò tíì jáde.

Jeremáyà fúnra rẹ̀ kò pàṣẹ ohun tí kò lè ṣe. Ní orí 32, ogun ti yí Jerúsálẹ́mù ká, wọ́n ti há a mọ́ àgbàlá àwọn ẹ̀ṣọ́, ó sì mọ̀ pé ìlú yóò bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá. Ìgbà náà gan-an ni ó fi ṣékélì fàdákà 17 ra oko kan ní Ánátótì, tí ó sì ní kí wọ́n kó ìwé oko náà sínú ìkòkò amọ̀ kí ó lè pẹ́. Àwa tí a ti ra ilẹ̀ rí mọ̀ pé ẹni tí kò ní ìrètí kì í tọ́jú ìwé ilẹ̀.

Irú èyí ti ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ wa pẹ̀lú. Ní ọdún 1821, ogun kó Òṣogùn, wọ́n sì mú ọmọdékùnrin kan tí ń jẹ́ Àjàyí pẹ̀lú ìyá rẹ̀ Àfàlà. Wọ́n yà wọ́n nípa, wọ́n ta Àjàyí láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi wọ ọkọ̀ ẹrú. Ní ọdún 1822 ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ náà, wọ́n sì gbé e lọ sí Freetown. Kò jókòó ti ẹrù dídì níbẹ̀. Ó kọ́ ìwé kíkà, ó kọ́ iṣẹ́ káfíńtà, ó ṣe ìrìbọmi ní ọdún 1825, ó gbéyàwó, ó bímọ, ó sì di olùkọ́. Ní ọdún 1846, lẹ́yìn ọdún 25, ó rí ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Ní ọdún 1848 ni ìyá náà ṣe ìrìbọmi, tí a sọ ọ́ ní Hánà. Ìwé kíkà tí Samuel Àjàyí Crowther kọ́ ní àjò ni ó fi túmọ̀ ìwé Róòmù sí èdè wa, tí a tẹ̀ ní ọdún 1850, òun àti àwọn mìíràn sì ṣe é títí odindi Bíbélì Yorùbá fi jáde ní ọdún 1884. Ìjọ Áńgílíkà ni ó ṣiṣẹ́ fún, a mọ̀; ṣùgbọ́n àwa Mẹ́tọ́díìsì náà ń jẹ nínú èso ọgbà yẹn ní ọjọ́ Ìsinmi gbogbo.

Ẹnìkan sì tún wà tí ó ka ìwé Jeremáyà yìí kí a tó bí ẹnikẹ́ni nínú wa. Dáníẹ́lì ni. Ọmọdé ni wọ́n kó o lọ, ó sì ti di arúgbó ní Bábílónì. Ní orí 9 ìwé rẹ̀, ó ní nínú ìwé ni òun ti mọ iye ọdún náà, 70. Kò lálàá rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe pé ẹnìkan ríran rẹ̀ sí i. Ó kà á ni. Nígbà tí ó sì kà á tí ó rí i pé àkókò ti súnmọ́ tòsí, kò bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù. Ó gbààwẹ̀, ó wọ aṣọ ọ̀fọ̀, ó jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ ara rẹ̀ àti ti àwọn ènìyàn rẹ̀. Kírúsì ti gba Bábílónì ní ọdún 539, ó sì yọ̀ǹda pé kí àwọn Júù máa lọ sílé. Bíbélì kò sọ fún wa pé Dáníẹ́lì bá wọn lọ. Ṣùgbọ́n ìwé Ẹ́sírà orí 3 sọ pé nígbà tí a fi ìpìlẹ̀ Tẹ́ḿpìlì tuntun lélẹ̀, àwọn àgbà kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti fojú rí ti àkọ́kọ́, wọ́n sì bú sẹ́kún.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni Olúwa wa ṣe fún àwọn méjì tí ń lọ sí Émáúsì lẹ́yìn àjíǹde. Wọ́n ní àwọn ti retí pé òun ni yóò gba Ísírẹ́lì là, wọ́n sì sọ ọ́ bí ohun tí ó ti tán. Jésù kò fún wọn ní ẹsẹ kan ṣoṣo kí wọ́n máa gbé e lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Mósè, ó gba ọ̀dọ̀ gbogbo àwọn wòlíì, bí wọ́n ti ń rìn lọ.

Nítorí náà a rọ kíláàsì kọ̀ọ̀kan pé ní oṣù mẹ́ta tí ó ń bọ̀, kí a ka Jeremáyà láti orí 28 dé orí 32, orí kan ní ìpàdé kan, láì fo ohunkóhun. Kí àwọn ìyá tí ojú wọn kò ríran kàwé mọ́ jókòó ti àwọn ọ̀dọ́ tí yóò kà á sókè fún wọn, kí wọ́n má ṣe sáré kà á. Bí arábìnrin kan bá wà ní kíláàsì yín tí ẹ kò rí láti ọjọ́ pípẹ́, ẹ gbé Bíbélì lọ bá a nílé. Ẹni tí ó bá sì ní irúgbìn ewédú tàbí ilá nílé, kí ó dì díẹ̀ sínú bébà mú dání.