Àwọ̀ Tí Kò Sí Níbẹ̀ Rí

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí àti ẹ̀yin òbí wa, a fẹ́ kí ẹ bá wa dá ọ̀rọ̀ kan rò. Bí olóògbé bá fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún wa, ibo ni a lè tún un ṣe dé tí kò fi ní di pé a ń pa irọ́ mọ́ ọn?

Ohun tó mú ọ̀rọ̀ náà wá ni eré tẹlifíṣọ̀n àwọn Gẹ̀ẹ́sì kan, Doctor Who, tí BBC bẹ̀rẹ̀ ní 1963. Láyé ìgbà náà, téèpù wọ́n, BBC a sì máa pa eré àná rẹ́ kí wọ́n lè gba òmíràn sórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ṣe ẹ̀dà sórí fíìmù ránṣẹ́ sí ilẹ̀ òkèèrè, Nàìjíríà sì wà lára wọn. Ní 2013 ni ìròyìn jáde pé wọ́n rí apá mẹ́sàn-án tó ti sọnù ní ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan ní Jos. Ohun tí Lọ́ńdọ̀n dà nù, Jos ló bá wọn fi pamọ́! (Ta ni yóò bá wa tọ́jú tiwa?)

Kí a nu ìdọ̀tí ara fíìmù, kí a dí ojú ibi tó ti họ, kò sí ẹni tí yóò bá ni jà sí i. Ìtọ́jú àgbàfipamọ́ ni. Ti àwọ̀ ló le. Wọ́n ṣe The Mind of Evil ní 1971 pẹ̀lú àwọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀dà dúdú àti funfun nìkan ló ṣẹ́ kù. Àwọn onímọ̀ rí i pé àwọ̀ náà ti fi àmì tíntìntín sílẹ̀ lára fíìmù. Wọ́n fi kọ̀ǹpútà ka àmì wọ̀nyí, àwọ̀ apá márùn-ún nínú mẹ́fà sì padà. Apá kan tó kù ni wọ́n fọwọ́ kùn. A kò rí àléébù níbẹ̀: ohun tó ti wà rí ni wọ́n ń wá.

Ṣùgbọ́n ní oṣù kọkànlá ọdún 2023, wọ́n gbé The Daleks jáde, eré 1963 sí 1964 tí kò ní àwọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n kùn ún, wọ́n sì gé apá méje rẹ̀ kù sí ìṣẹ́jú 75. Bóyá kí ọmọ ìwòyí lè jókòó tì í ni. A kò ní ẹ̀ṣẹ̀ ni, níwọ̀n ìgbà tí ti àtijọ́ ṣì wà fún ẹni tó bá fẹ́ ẹ. Ọ̀rọ̀ ẹnu tí wọ́n gé dùn wá ju ọ̀dà lọ, nítorí ẹni tó bá wò ó kò ní mọ̀ pé ohun kan wà níbẹ̀ rí.

Nínú ẹbí tiwa, wọ́n mú fọ́tò bàbá wa àgbà lọ bá oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà kan kí ó kùn ún. Ó sọ agbádá bàbá di àlàárì. Ìyá àgbà ní ẹtù ni, pé òun gan-an ni òun ran òwú rẹ̀. Àwọn ọmọ-ọmọ ń bá ìyá jiyàn! Wọ́n ní, "Ìyá, ẹ wò ó nínú fọ́tò." A kò ya á, nítorí ó dára lójú, a kọ ọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀ pé ẹtù ni, a sì dá ti dúdú àti funfun padà sára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.