Àwòrán Ta Ni Ó Wà Lára Rẹ?

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń múra fún ìrìbọmi, ìbéèrè kan ni a gbé ka iwájú yín: ǹjẹ́ àwòrán lè sọ ènìyàn di ẹni ńlá?

Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn ọba ti ń fi àwòrán fi agbára wọn hàn. Ní ọdún 1548, Titian, ayàwòrán ará Ítálì, ya olú-ọba Charles Karùn-ún lórí ẹṣin nínú ìhámọ́ra ogun, kí gbogbo ayé lè mọ ẹni tí ó ṣẹ́gun. Àwọn ọba Abomey náà ṣe bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ wa níbí. A gbẹ́ ère Glèlè ní àwòrán kìnnìún. A gbẹ́ ti Béhanzin, ọmọ rẹ̀, ní àwòrán àkùràkudà, ẹja apanijẹ inú òkun. Ohun tí àwọn ère náà ń wí ni pé: ẹ bẹ̀rù mi.

Ìbẹ̀rù náà kì í ṣe ti ẹnu lásán. Ní ọdún 1886, ogun Glèlè tú ìlú Kétu ká, wọ́n sì kó ènìyàn lẹ́rú. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1892, ọmọ ogun Faransé wọ Abomey, wọ́n sì kó àwọn ère náà lọ. Kìnnìún kò bú; àkùràkudà kò gé ẹnikẹ́ni jẹ. Béhanzin kú sí ìgbèkùn ní Algiers ní ọdún 1906. Ọdún 2021 ni ilẹ̀ Faransé tó dá àwọn ère náà padà, pẹ̀lú àwọn ohun mìíràn, gbogbo wọn jẹ́ 26. Ó yẹ kí a yọ̀, nítorí iṣẹ́ ọnà dára, Ìjọ kò sì lòdì sí i. Ṣùgbọ́n ère kò gba ọba là.

Ìwé Jẹ́nẹ́sísì kọ́ wa pé Ọlọ́run dá ènìyàn ní àwòrán ara rẹ̀. Kò fi èyí mọ sí ọ̀dọ̀ ọba. Nítorí náà, ẹrú tí a fi okùn mú kúrò ní Kétu gbé àwòrán tí ó níyì ju ère kìnnìún lọ. Ọba tí ó kó o lẹ́rú gbé àwòrán kan náà, bí ó tilẹ̀ gbàgbé. Nígbà tí a bi Jésù Olúwa wa léèrè nípa owó orí, ó ní kí a wo àwòrán ẹni tí ó wà lára owó náà. Owó lè padà sọ́dọ̀ Késárì. Ènìyàn, ti Ọlọ́run ni.

Ẹ yẹ ara yín wò. Bí ẹnìkan bá ń sún ìrìbọmi rẹ̀ síwájú nítorí kò tíì rí owó aṣọ àríyá àti ti ayàwòrán, kí ni ó ń wá? Fọ́tò kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ṣùgbọ́n fọ́tò a máa ṣá. Àmì tí ìrìbọmi ń fi sára ọkàn kì í parẹ́, a kì í sì í rà á.

Bí ẹ bá ti ṣe ìrìbọmi tán, tí ẹ sì ń kọjá lọ́jà Arzèkè, ẹ wo ojú alágbàárù tí òógùn bò. Àwòrán Ọba wà níbẹ̀.

Fún àṣàrò: Ta ni mo ti fojú tẹ́ńbẹ́lú, tí n kò rí àwòrán Ọlọ́run lára rẹ̀?