Ta Ló Ni Ohun Tí Akọ̀wé Fi Sílẹ̀?

Ẹ̀yin ará mi, ọmọ Yorùbá tó fi Kaduna ṣe ilé, ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lọ́dún yìí lè jọ ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀dọ́, nítorí kọ̀ǹpútà wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n àwa àgbà ló kàn jù.

Kọ̀ǹpútà tí ẹgbẹ́ wa rà ní 2010 ti darúgbó. Windows 7 ló wà nínú rẹ̀, àwọn tó ṣe é sì ti jáwọ́ nínú ìtọ́jú rẹ̀ láti January 2020. Nígbà tí a ra tuntun, èmi tí mo jẹ́ akọ̀wé ni wọ́n ní kí n kó ẹrù inú ti àtijọ́ sínú rẹ̀. Iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ kan ni mo pè é. Windows 7 ní ohun kan tó máa ń kó fáìlì àti ìṣètò pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, Windows Easy Transfer, ṣùgbọ́n wọ́n ti yọ ọ́ kúrò nígbà tí Windows 10 jáde ní 2015. Fulaṣi ni mo fi ń bù ú díẹ̀díẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé fáìlì lè dé kó má ṣeé kà. Yorùbá ni a fi kọ àkọsílẹ̀ ìpàdé wa láti 2010 dé 2014. Ẹni tó ń bá wa tẹ̀ ẹ́ lo ọ̀kan nínú àwọn fóńtì Yorùbá ayé ìgbà kan. Irú fóńtì bẹ́ẹ̀ kò ní ààyè tirẹ̀ fún ẹ àti ọ. Ààyè àwọn àmì òyìnbó tí a kì í sábà lò ni wọ́n gbà, wọ́n wá ya lẹ́tà wa lé e lórí. Níbi tí fóńtì náà kò bá sí, àmì òyìnbó á tún yọjú. Mo ṣí àkọsílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà tuntun, mo rí àmì owó ilẹ̀ òkèèrè àti àmì ìbéèrè tó dorí kodò. Gbogbo rẹ̀ rí wúruwùru.

Lóòótọ́, mo lè kó fóńtì náà wá pẹ̀lú, ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tí a bá fi ìwé ránṣẹ́ sí ló máa nílò rẹ̀. Ìgbìmọ̀ ní kí n kúkú tún èyí tó bá ṣe pàtàkì tẹ̀, kí n fi ìyókù sílẹ̀. Èyí tó bá ṣe pàtàkì! Èmi ni wọ́n fi ṣe adájọ́, wọn kò sì rántí ohun tó wà nínú àkọsílẹ̀ November 2011.

Èmi ni akápò nígbà náà. Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan kú, a dá owó fún opó rẹ̀. Owó náà wà lọ́wọ́ mi lọ́sẹ̀ tí wọ́n lé ọmọ mi wá sílé nítorí owó iléèwé. Mo fi san án, n kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo lò kí n tó dá a padà pé. Obìnrin náà ti gbé òkú ọkọ rẹ̀ lọ sílé, ó ti yá owó sìn ín. Ìpàdé bá mi wí, wọ́n gba ipò lọ́wọ́ mi, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ó tó ọdún mẹ́fà kí wọ́n tó tún fi iṣẹ́ kankan lé mi lọ́wọ́.

Ẹ ò rí i pé kò sẹ́ni tó ní kí n purọ́. N kò ní pa ohunkóhun rẹ́. Kí n ṣáà má tún un tẹ̀ ni, kí n jókòó jẹ́jẹ́. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi ń bá ara mi rojọ́. Mo ní mo ti dá owó padà, mo ti jìyà, ọ̀rọ̀ ti tán. Àwọn òbí wa tó bá rélùwéè wá sí ìlú yìí náà fi ẹrù sílẹ̀ nílé, kò sẹ́ni tó pè wọ́n lólè. Ṣùgbọ́n ẹrù tiwọn ni wọ́n fi sílẹ̀. Wọ́n máa ń sọ pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. N kò rò pé ó rí bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo. Ìdajì àwọn tó wà ní ìpàdé ọjọ́ náà ti kú tàbí kí wọ́n ti padà sílé. Bí mo bá dákẹ́, òtítọ́ kò ní bá mi mọ́.

Ohun tó dá mi dúró ni opó náà. Nínú ìwé yẹn nìkan ni ẹgbẹ́ ti gbà pé a ṣẹ̀ ẹ́. Orúkọ mi wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìwé tirẹ̀ ni. Ọmọ rẹ̀ sì ti di ọmọ ẹgbẹ́ báyìí, ọmọ tó máa ń dọ̀bálẹ̀ kí mi.

Ìrọ̀lẹ́ méjì ni mo fi tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ ṣi orúkọ mi kọ níbì kan, mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ó ku kọ̀ǹpútà àtijọ́. Ọmọkùnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ti dúnàádúrà rẹ̀, ó ní òun á pa gbogbo inú rẹ̀ rẹ́. Bẹ́ẹ̀, bí a bá pa fáìlì rẹ́ lórí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, orúkọ rẹ̀ ni ẹ̀rọ máa ń yọ kúrò nínú ìwé orúkọ; ohun tó wà nínú rẹ̀ á ṣì wà níbẹ̀ títí nǹkan mìíràn yóò fi gba ààyè rẹ̀. Gbèsè àwọn èèyàn wà nínú rẹ̀, ìjà tọkọtaya tí a parí wà níbẹ̀. Mo tú hard disk rẹ̀ kúrò kí n tó ta ìyókù. Inú àpótí ẹgbẹ́ ló wà. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ akápò.