Onímọ̀ Ìṣirò Nínú Fíìmù: Ta Ni Wọ́n Ń Purọ́ Mọ́?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, lọ́kùnrin àti lóbìnrin, ẹ jẹ́ kí á bi ara wa ní ìbéèrè kan. Bí ẹnì kan bá ń sọ ìtàn ẹni tó ti kú, tó sì fi adùn kún un kí àwọn olùgbọ́ lè gbádùn rẹ̀, ṣé irọ́ ni ó pa àbí kò pa irọ́? Ọ̀pọ̀ yóò dáhùn pé fíìmù lásán ni, kí á má fi ṣe nǹkan bàbàrà. Ṣùgbọ́n bí a bá wo bí àwọn fíìmù Amẹ́ríkà àti ti Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń gbé àwọn onímọ̀ ìṣirò jáde, a ó rí i pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ohun mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń fi hàn wá: pé onímọ̀ ìṣirò kì í ṣe làálàá, pé orí rẹ̀ kò pé, àti pé òun nìkan ló ń dá iṣẹ́ rẹ̀ ṣe.

Èkíní ni ti làálàá. Nínú Good Will Hunting, tó jáde ní ọdún 1997, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń gbálẹ̀ ní yunifásítì rí ìṣirò líle kan lójú pátákó. Kò pẹ́ tó fi kọ ìdáhùn rẹ̀ síbẹ̀. Ìtàn àròsọ ni, kò ba ẹnikẹ́ni lórúkọ jẹ́. Àmọ́ ohun tó ń sọ fún ọ̀dọ́ ni pé bí ìdáhùn kò bá tètè wá, a jẹ́ pé Ọlọ́hun kò fún un ní irú orí bẹ́ẹ̀. Mélòó nínú wa ló ti tìtorí irú èrò yìí pa ìwé ìṣirò dé?

Èkejì ni ti orí tó dàrú. A Beautiful Mind, ti ọdún 2001, sọ ìtàn John Nash, ará Amẹ́ríkà tó gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1994. Nínú fíìmù náà, láti ìgbà tó ti wà ní akẹ́kọ̀ọ́ ni ó ti ń rí ọ̀rẹ́ kan tí kò sí láyé, bí ẹni pé inú àìsàn ni ọgbọ́n rẹ̀ ti ń sun jáde. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ló rí. Nǹkan bí ọdún 1950 ni Nash ṣe iṣẹ́ tí wọ́n torí rẹ̀ fún un ní ẹ̀bùn. Ọdún 1959 ni àìsàn ọpọlọ tó dé sí i. Àìsàn náà kò fún un ní ìmọ̀, ọ̀pọ̀ ọdún iṣẹ́ ni ó gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Fíìmù náà tún fi sí i lẹ́nu pé òun ń lo oògùn ìgbàlódé, nígbà tó jẹ́ pé láti ọdún 1970 ni Nash ti dá oògùn dúró. Nash ṣàlàyé pé ẹ̀rù ló ba òǹkọ̀wé fíìmù náà, kí àwọn aláìsàn mìíràn má baà tìtorí rẹ̀ sọ oògùn tiwọn nù. Èrò rere ni. Ṣùgbọ́n wọ́n lè dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ oògùn pátápátá. Dídákẹ́ yàtọ̀ sí irọ́.

Ẹ̀kẹta ló wúwo jù. The Imitation Game, ti ọdún 2014, dá lórí Alan Turing, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó wà lára àwọn tó tú àṣírí ẹ̀rọ Enigma, èyí tí àwọn Jámánì fi ń ránṣẹ́ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Fíìmù náà mú un dà bí ẹni pé Turing nìkan ló rí ọ̀nà, tí àwọn yòókù kàn ń dí i lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n láti ọdún 1932 ni Marian Rejewski, ará Pólándì, ti kọ́kọ́ já ẹ̀rọ náà; òun, Jerzy Różycki àti Henryk Zygalski ni wọ́n jọ ṣiṣẹ́ lé e lórí. Ní oṣù Keje ọdún 1939, àwọn ará Pólándì fi ohun tí wọ́n mọ̀ lé Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́. Fíìmù náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má mẹ́nu kàn wọ́n. Gordon Welchman, tó mú ẹ̀rọ Turing dára sí i, kò sí níbẹ̀ rárá.

Wọ́n tún fi hàn pé Turing mọ amí Soviet kan láàárín wọn, ó sì bò ó mọ́lẹ̀ kí àṣírí tirẹ̀ má baà tú. Kò sí ẹ̀rí kankan fún èyí. Turing ti kú láti ọdún 1954, kò lè dìde wí tẹnu rẹ̀. Kí á pe ẹni tó sin ìlú rẹ̀ ní ọ̀dàlẹ̀ kì í ṣe adùn ìtàn, ìbanilórúkọjẹ́ ni.

Àwọn àgbà ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Bí a bá yọ ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n kúrò nínú ìtàn, wèrè náà ló kù tí a ó máa wò.

Ẹnì kan lè sọ pé bí kò bá sí àbùmọ́, ta ni yóò wo ẹni tó kàn jókòó ti ìwé? Ìdáhùn wà. Ní ọdún 1996, ilé-iṣẹ́ BBC ṣe fíìmù kan nípa Andrew Wiles, ẹni tó lo ọdún méje lórí ìṣirò tí Fermat fi sílẹ̀ fún ohun tó lé ní 350 ọdún. Ó kéde ojútùú ní oṣù Kẹfà ọdún 1993, wọ́n sì rí àṣìṣe nínú rẹ̀. Òun àti Richard Taylor, tó ti jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ rí, jọ padà sídìí iṣẹ́, títí ọ̀nà fi là ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1994. Nígbà tí Wiles ń sọ ọjọ́ náà nínú fíìmù, omi bọ́ lójú rẹ̀. Kò sí àbùmọ́ níbẹ̀, ó sì wọni lára.

Ẹ tún wo Maryam Mirzakhani, ọmọ ìlú Tehran, obìnrin àkọ́kọ́ tó gba àmì-ẹ̀yẹ Fields, ní ọdún 2014. Nígbà tó wà ní ọ̀dọ́mọdébìnrin, olùkọ́ rẹ̀ kan kò gbà pé ó ní ẹ̀bùn ìṣirò. Òun fúnra rẹ̀ kò fi bò pé díẹ̀díẹ̀ ni òun ń ronú. Ilẹ̀ ni ó máa ń tẹ́ bébà ńlá sí tí yóò máa ya àwòrán lé e, ọmọ rẹ̀ a sì ní ìyá òun ń kun ọ̀dà. Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, a kò ní kí ẹ má wo fíìmù. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti wò ó tán, ẹ béèrè ohun mẹ́ta: Làálàá ta ni wọ́n fi pamọ́? Ìpín ta ni wọ́n fi fún ẹlòmíràn? Bí ẹni tí wọ́n sọ ìtàn rẹ̀ bá jókòó tì wá, ǹjẹ́ a lè wò ó lójú? Adùn tó bá yege nínú ìbéèrè wọ̀nyí, kí á gbádùn rẹ̀. Èyí tí kò bá yege, kí á pè é ní irọ́, bó ti wù kó dùn tó. Lẹ́yìn náà, kí ẹni tó ti pa ìwé ìṣirò rẹ̀ dé tún un ṣí. Ìdáhùn tó pẹ́ kó tó dé kì í ṣe àmì pé orí kò pé.